Bí Ẹ Ṣe Lè Dán Tọ́ọ̀ṣì LED Olówó Pọ́ọ́kú Wò Kẹ́ ẹ Tó Gbọ́kàn Lé E

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn ni tọ́ọ̀ṣì fi ń tan èèyàn jẹ. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí, bátìrì ẹ̀ ṣì kún, ẹ tẹ súìṣì, iná bọ́ sára ògiri bíi pé ọ̀sán ni, inú yín dùn, ó tán, ẹ ti gbà pé tọ́ọ̀ṣì gidi lẹ rà. Kò sí tọ́ọ̀ṣì tí kì í dáa ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Ohun tó yẹ ká máa bi í ni pé báwo ló ṣe máa rí tó bá di wákàtí kejì, tí bátìrì bá ti ń rẹ̀ ẹ́, ṣé ó máa rọra lọ sílẹ̀ kéèyàn lè rí ọ̀nà délé ni àbí ó máa kú lójijì láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó jẹ́ kí n máa ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí ni pé mò ń pààrọ̀ táyà lóru lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ti tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ìkarùn-ún wà lọ́wọ́ mi, tọ́ọ̀ṣì tí mo gbé lé orí òkúta kàn kú. Kò ṣẹ́jú, kò rẹlẹ̀ ṣáájú, ó kàn lọ ni. Nọ́ọ̀tì bọ́ sínú koríko, iná fóònù ni mo fi wá a. Tọ́ọ̀ṣì yẹn ò sì bàjẹ́ o, mo ṣáàjì ẹ̀ lọ́jọ́ kejì ó tàn bó ṣe máa ń tàn, mi ò kàn mọ ìwà ẹ̀ ni. Àtìgbà yẹn, mi ò kì í gbé tọ́ọ̀ṣì kankan jáde tí mi ò bá tíì mọ bó ṣe ń kú.

Kò gba irinṣẹ́ ńlá. Ìwé kékeré kan, bírò, fóònù yín, yàrá tó ṣókùnkùn, àti ìrọ̀lẹ́ kan tẹ́ ò ní lọ ibì kankan. Tẹ́ ẹ bá ní mítà tí àwọn oníná fi ń wọn volt, ó dáa gan-an, tẹ́ ò bá ní, nǹkan tẹ́ ẹ máa rí mọ̀ ṣì pọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ara páálí, kẹ́ ẹ sì fi ìṣirò dá a lóhùn

Lumen ni wọ́n fi ń ka àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì. Ẹnu dùn-ún rofọ́, kò sẹ́ni tí ò lè tẹ 10,000 sára páálí. Ìṣirò tí mo máa ń ṣe rèé: LED inú tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú máa ń mú nǹkan bíi lumen 100 jáde látinú watt kan, òmíì lè fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òmíì ò sì tó bẹ́ẹ̀. Torí náà lumen 10,000 máa fẹ́ nǹkan bíi watt 100. Ẹ wá wo bátìrì 18650 kan ṣoṣo tó jẹ́ ojúlówó, ìyẹn bátìrì tó ṣeé ṣáàjì tó ki ju AA lọ, ká ní 2,500 mAh ló wà nínú ẹ̀ (mAh ni wọ́n fi ń ka iye iná tí bátìrì lè gbà), ìyẹn 2.5 Ah, ẹ fi volt 3.6 sọ ọ́ di púpọ̀, watt-hour 9 lẹ máa rí. Watt-hour 9 tí nǹkan kan bá ń fa watt 100 lára ẹ̀, bí ìṣẹ́jú márùn-ún ó lé díẹ̀ ló máa tán, ká tiẹ̀ ní bátìrì yẹn lè gbé e, èyí tí mi ò gbà, tọ́ọ̀ṣì ọ̀hún á sì ti gbóná débi tọ́wọ́ ò ní lè dì í mú.

Ẹ yí ìṣirò yẹn padà kẹ́ ẹ rí ibi tí ire wà. Watt-hour 9 yẹn náà, tẹ́ ẹ bá ń lo lumen 100, ìyẹn watt kan, ẹ máa sún mọ́ wákàtí 9, ẹ yọ díẹ̀ kúrò nítorí ohun tó ń bá ooru lọ. Lumen 100 tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ téèyàn ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣe nínú ilé àti láyìíká ilé. Ojú wa ò sì kì í ka ìmọ́lẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á, tí lumen bá di ìlọ́po méjì, ojú á kàn rí i pé ó fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i ni, ó máa tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin kí ojú tó gbà pé ó di méjì. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí 1,000 fi 500 ṣe yẹ̀yẹ́ lójú yín, bátìrì ni ìyàtọ̀ yẹn ń jẹ.

Tẹ́ ẹ bá rí FL1 lára páálí, ìlànà kan ni, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e jáde lọ́dún 2009 kí àwọn tó ń ṣe tọ́ọ̀ṣì lè máa fi òṣùwọ̀n kan náà wọn nǹkan. Ó dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó ń sọ. Lumen tó kọ síbẹ̀, láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí wọ́n tan iná ni wọ́n wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn ìyẹn tọ́ọ̀ṣì lè ṣe bó ṣe wù ú. Wákàtí tó kọ síbẹ̀, wọ́n ń kà á títí iná á fi ku ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i báyìí, tọ́ọ̀ṣì tó kọ lumen 500 àti wákàtí 8 kò parọ́ tó bá lo 500 yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, tó sì fi lumen 60 rìn gbogbo wákàtí tó kù. Mítà tí wọ́n kọ pé iná ẹ̀ ń dé ńkọ́? Lux ni wọ́n fi ń ka ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sára nǹkan, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ bá ti ku 0.25 lux ni wọ́n ń wọ̀n dé, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú, ẹ lè rí pé nǹkan wà níbẹ̀, ẹ lè má mọ̀ bóyá ajá ni àbí àpò sìmẹ́ǹtì. Èmi máa ń pín in sí méjì, nígbà míì mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ irú bátìrì tó wà níkùn ẹ̀

Ẹ ṣí i. Tí kò bá ṣeé ṣí, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ ti mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ nìyẹn: ọjọ́ tí bátìrì bá kú, tọ́ọ̀ṣì náà kú. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á, ṣùgbọ́n èyí tí bátìrì ẹ̀ ṣeé yọ ni èmi máa mú tí méjèèjì bá wà níwájú mi.

Alkaline ni àwọn AA àti AAA tí wọn kì í ṣáàjì. Volt 1.5 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, látìgbà tẹ́ ẹ bá sì ti tan iná ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo àwọn tọ́ọ̀ṣì tó ń lo AAA mẹ́ta, tí LED wẹ́wẹ́ pọ̀ lójú ẹ̀, àpapọ̀ volt ẹ̀ jẹ́ 4.5, LED funfun sì ń fẹ́ nǹkan bíi 3, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sí ẹ̀rọ kankan láàárín tó ń ṣètò iná, bí bátìrì bá ṣe rí ni iná ṣe máa rí. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń mọ́lẹ̀ yòò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó bá fi máa di wákàtí kan ó ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ kì í tètè kú pátápátá, ó lè wà ní fírífírí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Tẹ́ ẹ bá paná fún ìgbà díẹ̀ tẹ́ ẹ tún tàn án, ẹ máa rí i pé ó sọjí. Kì í ṣe agbára tuntun ló wọ inú ẹ̀, bátìrì yẹn sinmi ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i ó ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìyẹn ti tàn, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì nínú ilé ó mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e jáde, kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀.

NiMH ni AA tó ṣeé ṣáàjì. 1.2 ni wọ́n kọ sára ẹ̀, èèyàn á rò pé kò lágbára tó ti 1.5, ṣùgbọ́n ẹ fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́ kẹ́ ẹ wò ó: alkaline ò ní pẹ́ já sísàlẹ̀ 1.2 tí tọ́ọ̀ṣì bá ń fa iná gidi lára ẹ̀, NiMH á dúró síbi 1.2 yẹn gbọn-in títí á fi kù díẹ̀ kó tán, kó tó wá já lulẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lo tọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́, tó sì jẹ́ pé AA ló ń gbà, NiMH ni kẹ́ ẹ lò, mi ò ní gba àríyànjiyàn lórí èyí. Alkaline, ẹ fi sílẹ̀ fún rédíò àti aago ara ògiri.

Lithium-ion ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù báyìí. Tó bá kún volt 4.2 ni, tó bá ń lọ sí nǹkan bíi 3 ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. 18650 tí wọ́n ń pè é yẹn, ìwọ̀n ara ẹ̀ ni: mìlímítà 18 ni fífẹ̀ ẹ̀, 65 ni gígùn ẹ̀. 18650 ojúlówó kì í sábà ju nǹkan bíi 3,500 mAh lọ. Tẹ́ ẹ bá wá rí èyí tí wọ́n kọ 9,900 sí, ayédèrú ni, ẹ má bá ara yín jà. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n kékeré tẹ́ ẹ bá ní: ojúlówó máa ń wọ̀n tó giráàmù 45 sí 50. Èyí tí wọ́n fún mi mọ́ tọ́ọ̀ṣì kan rí, bí mo ṣe gbé e báyìí ọwọ́ mi ti mọ̀, ó fúyẹ́ bí òfìfo, ó wọn giráàmù 29. Mi ò tiẹ̀ fi sínú tọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn 18650 kan ní pátákó kékeré nídìí tó ń dáàbò bò ó, tí volt bá ti sọ̀ kalẹ̀ jù, á já iná pẹ́ẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi létí títì nìyẹn. Ó dáa fún bátìrì, ó ń gbà á lọ́wọ́ ikú, àmọ́ tí tọ́ọ̀ṣì fúnra ẹ̀ ò bá ní ìkìlọ̀ tó ń ṣe ṣáájú, inú òkùnkùn lẹ máa ti gbọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan o. 14500, ìyẹn lithium-ion kékeré kan, àti AA fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lójú, ìkan jẹ́ volt 3.7, ìkan 1.5. Tọ́ọ̀ṣì tí wọn ò bá kọ ọ́ sí pé ó lè gba 14500, ẹ má fi sí i, LED tàbí ẹ̀rọ inú ẹ̀ lè jóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó tún ku àwọn tọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n máa ń fa ẹnu ṣájà yọ lára wọn tí wọ́n á kì í bọ iná ògiri tààrà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bátìrì olójé ló wà nínú ẹ̀, irú ti mọ́tò àmọ́ kékeré, volt 4. Ohun tó ń pa á ni kéèyàn lò ó tán kó sì gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìṣáàjì. Ẹ fi sílẹ̀ ní òfìfo fún oṣù mélòó kan, ẹ máa padà wá bá òkú níbẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá lò ó ni kẹ́ ẹ ṣáàjì ẹ̀, kódà tí kò bá tíì tán.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wo inú àti ìdí ẹ̀ dáadáa

Ẹ yí ìdérí ẹ̀yìn. Ẹ gbọ́ ọ: ṣé ó ń yí geerege ni àbí ó ń ha bíi pé iyanrìn wà nínú ẹ̀. Òrùka rọ́bà kan yẹ kó wà níbi yíyí yẹn, òun ni kì í jẹ́ kí omi wọlé, tí kò bá sí tàbí tó ti já, ohun tí wọ́n kọ nípa omi sára páálí ò níṣẹ́ mọ́. Nípa omi yìí, IPX4 túmọ̀ sí pé omi lè ta sí i lára, ìyẹn òjò. IPX7 ló lè wọ inú omi tó jìn tó mítà kan fún ìṣẹ́jú 30.

Ẹ fi ìka tẹ sípíríǹgì tó wà nídìí ẹ̀. Kó ta padà, kó má wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má sì ní ìpẹtà. Lẹ́yìn náà ẹ fi bátìrì sí i, ẹ tan iná, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbọ̀n ọ́n nù bí ẹni ń gbọn ṣíbí. Tí iná bá ṣẹ́ pẹ́ẹ́ tàbí tó yí ìpele padà fúnra ẹ̀, sípíríǹgì ò di bátìrì mú dáadáa, tàbí ibi tí irin ti ń kan irin dọ̀tí. Nígbà míì ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu ẹnu bátìrì àti ojú ibi yíyí yẹn, ó tán. Tó bá ṣì ń ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Súìṣì náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí ogún ìgbà léraléra. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Inú òkùnkùn

Ẹ tan án sára ògiri funfun. Ní àárín ni ojú iná tó mọ́ jù máa wà, àyíká ẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká. Tí gbogbo ẹ̀ bá kóra jọ sójú kan bí ọ̀kọ̀, ó dáa fún ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń rìn, ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ yín. Fún ìlò ojoojúmọ́, èyí tó fọ́n ká ló wúlò jù. Àwọn tó ń fa ẹnu síwájú sẹ́yìn láti pọ̀n ọ́n tàbí fẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá fà á jáde tán tẹ́ ẹ rí igun mẹ́rin LED lára ògiri bí fọ́tò, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ti sọnù sínú ẹnu ẹ̀ nìyẹn.

Àwọ̀ ńkọ́? LED tó ń tan funfun yìí, búlúù ni ní ìpìlẹ̀, wọ́n wá fi ohun èlò kan tó ń tàn bí yẹ́lò bò ó lójú, méjèèjì pò pọ̀ ojú wa ń rí funfun. Àwọn tó ṣe LED búlúù yẹn, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 2014, láìsí tiwọn kò ní sí tọ́ọ̀ṣì tí à ń sọ yìí. Tí búlúù bá wá pọ̀ jù, tí ògiri funfun ń rí bí aṣọ tí wọ́n rẹ búlúù sí, ẹ tan án sí àtẹ́lẹwọ́ yín: tí ọwọ́ bá rí bíi ti òkú, tí aṣọ pupa rí bíi bíráùn, ẹ má fi tọ́ọ̀ṣì yẹn ṣiṣẹ́ wáyà, ẹ ò ní mọ wáyà pupa yàtọ̀ sí bíráùn. CRI ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn tó, àwọn tí wọ́n kọ CRI 90 sókè sí lára ló ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí. Lumen wọn máa ń kéré díẹ̀ sí ti àwọn tó kù, àmọ́ èmi á gbà á bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gbé e sí ìpele tó kéré jù, ẹ fi bírò ṣe yẹẹyẹẹ kíákíá níwájú iná. Tẹ́ ẹ bá rí bírò bíi mẹ́fà méje dípò ẹyọ kan tó ń sá lọ, tọ́ọ̀ṣì yẹn ń tan ó ń kú ní kíákíá láti fi dín ìmọ́lẹ̀ kù. Kámẹ́rà fóònù náà máa fi hàn yín, ilà dúdú á máa kọjá lójú ẹ̀. Orí máa ń fọ́ àwọn kan tí wọ́n bá fi kàwé. Tí kò bá yọ yín lẹ́nu, ẹ má dà á láàmú.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ jẹ́ kó kú lójú yín

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ ṣáàjì bátìrì kó kún bámúbámú, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá gbé tọ́ọ̀ṣì nàró lórí tábìlì tí kò ní aṣọ tàbí rọ́bà lórí, kí ẹnu ẹ̀ kọjú sí òkè àjà, kí ìmọ́lẹ̀ máa bọ́ padà sínú yàrá. Ẹ tẹ́ fóònù sílẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan sí i, kí iná má ta sí i tààrà, ẹ ṣí áàpù kan tó ń wọn lux. Nọ́ńbà tí áàpù yẹn ń sọ lè má pé pérépéré, kò já mọ́ nǹkan kan, torí pé òun fúnra ẹ̀ lẹ fẹ́ fi wé ara ẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí fóònù àti tọ́ọ̀ṣì má sún kúrò níbi tí wọ́n wà, kí iná míì má sì wọ yàrá yẹn. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù sàmì sábẹ́ fóònù tó bá jẹ́ pé ẹ máa gbé e.

Ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ní ìṣẹ́jú kan, márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọgbọ̀n, lẹ́yìn náà ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ kọ ọ́, ẹ fi ọwọ́ kan orí tọ́ọ̀ṣì. Gbígbóná ò burú, ó tiẹ̀ yẹ kó gbóná níta, torí ooru tó bá dé ara irin ti kúrò lára LED nìyẹn. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ lumen rẹpẹtẹ sí lára tí orí ẹ̀ tutù lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yálà lumen yẹn ò sí níbẹ̀ rárá, tàbí ooru há mọ́ inú. Ẹ má sì fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ jáde nílé o, pàápàá tó bá jẹ́ lithium.

Tẹ́ ò bá ní áàpù, ẹ lo ìwé. Ẹ wá ojú ewé kan tí lẹ́tà ẹ̀ kéré, ẹ jókòó síbì kan náà ní gbogbo ìgbà, kẹ́ ẹ kọ ìgbà tó ṣòro kà àti ìgbà tí kò ṣeé kà mọ́. Ojú máa ń mọ́ra sí òkùnkùn, torí náà kò péye tó ti fóònù, ṣùgbọ́n ó ju kéèyàn máa méfò lọ.

Ká sọ pé ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ rí báyìí: 200 ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú, 195 ní ìṣẹ́jú kan, 90 ní márùn-ún, 88 ní ọgbọ̀n, 87 ní wákàtí kan, 85 ní wákàtí méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, 30 fún ìṣẹ́jú ogójì, ó kú. Tọ́ọ̀ṣì tó dáa ni! Ẹlòmíì á wo bó ṣe já láti 195 sí 90 á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, àmọ́ ẹ wò ó, ó dín iná kù kí ooru má bàa ba LED àti bátìrì jẹ́, ó wá dúró síbi 90 yẹn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, ó sọ fún yín pé bátìrì ti ń tán, ó tún fún yín ní ogójì ìṣẹ́jú láti fi wálé. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ rà ni 90 yẹn, 200 yẹn ìkíni ni.

Ẹ wá wo òmíì: 200, 185, 150, 110, 80, 55, 40, ó kàn ń sọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣètò iná nínú ẹ̀. Kò burú pátápátá, òun fúnra ẹ̀ ni ìkìlọ̀, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ̀, àmọ́ ìdajì àkókò ni ẹ ó máa fi iná tí ò tó ṣiṣẹ́. Fún ọmọdé, tàbí fún èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó tó.

Ẹ̀kẹta: 120, 119, 119, 118, 118, 118, òfo. Èyí ló ń dùn mọ́ èèyàn jù lójú bébà, iná dúró ṣinṣin fún wákàtí mẹ́ta gbáko, ó wá kú bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Irú tí mo gbé lé orí òkúta nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní irú ẹ̀, lẹ́yìn tó bá kú ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, ẹ gbìyànjú láti tan án ní ìpele tó kéré jù. Òmíì á tàn, á fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Èyí tí kò bá tàn rárá, kò gbọ́dọ̀ jáde lọ́wọ́ yín láìsí bátìrì kejì nínú àpò.

Nọ́ńbà mẹ́ta ni mo máa ń wá nínú gbogbo ẹ̀: ó tó ìgbà wo kí iná tó di ìdajì, ó tó ìgbà wo kó tó kìlọ̀, àti ìṣẹ́jú mélòó ló wà láàárín ìkìlọ̀ àti ikú. Páálí kì í kọ ẹ̀kẹta yìí, òun ni mo sì fi ń yan tọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tó máa ń tutù gan-an, ẹ tún un ṣe níta lálẹ́. Alkaline máa ń ṣàárẹ̀ gan-an nínú òtútù, lithium-ion náà máa ń dín kù díẹ̀, AA lithium tí kì í ṣe ti ṣáàjì ló ń fara dà á jù.

Ìgbésẹ̀ 6: Ṣáàjì

Tọ́ọ̀ṣì ti kú báyìí, ẹ kì í bọ ṣájà kẹ́ ẹ wo aago. Ẹ kọ ìgbà tó gbà kí iná pupa tó di gíríìnì. Tí bátìrì tí wọ́n kọ 5,000 mAh sí lára bá kún ní wákàtí kan péré láti ẹnu USB kékeré tó ń gba 1 ampere, ó ti tú ara ẹ̀ fó, ampere kan fún wákàtí kan ò lè ju 1,000 mAh lọ.

Tí ẹnu ẹ̀ bá jẹ́ USB-C, ẹ gbìyànjú wáyà tó jẹ́ C lápá méjèèjì. Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú kì í gba iná rárá lórí ìyẹn, àfi èyí tí apá kan ẹ̀ jẹ́ USB ńlá àtijọ́, nítorí pé wọn ò fi resistor kékeré méjì tó yẹ kó wà lẹ́nu ẹ̀ sí i. Kò bàjẹ́, ẹ kàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó rìnrìn àjò pẹ̀lú wáyà kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mítà, ẹ yọ bátìrì lithium lẹ́yìn tó kún kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. 4.15 sí 4.20, ó dáa. Tó bá kọjá 4.25, ẹ má fi ohun tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì yẹn ṣáàjì mọ́, ẹ wá ṣájà ìta. Ẹ tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ míì tí tọ́ọ̀ṣì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú: tó bá wà nísàlẹ̀ 2.5, kò sí ohun tó ń dá a dúró, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ máa paná nígbà tó bá ti rẹlẹ̀.

Bátìrì tó bá wú, tó ní òórùn bíi dídùn-dídùn tàbí ti kẹ́míkà, tó gbóná nígbà ṣáàjì débi tọ́wọ́ ò gbà á, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìlò lọ́jọ́ náà. Ẹ má gún un, ẹ má jù ú síná, ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ pàǹtírí ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa ṣáàjì lithium lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tẹ́ ẹ bá ń sùn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ má lò ó

Tọ́ọ̀ṣì tí súìṣì ẹ̀ rọ̀, tí kì í dún kẹ́kẹ́, tó jẹ́ ti ẹ̀rọ inú, máa ń mu iná díẹ̀díẹ̀ kódà tó bá wà ní pípa, torí ó ní láti máa gbọ́ ìgbà tẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe dáadáa, ó lè gba ọdún kó tó mú un tán. Èyí tí wọn ò ṣe dáadáa, oṣù méjì. Ẹ ṣáàjì ẹ̀ kó kún, ẹ gbé e sínú àpótí fún oṣù kan, kẹ́ ẹ tún un sáré lórí tábìlì bí ti ìgbésẹ̀ 5. Tí wákàtí ẹ̀ bá ti dín kù púpọ̀, ẹ máa yí ìdérí ẹ̀yìn ẹ̀ tú díẹ̀, bí ìdá mẹ́rin yíyí kan, lẹ́yìn ìlò. Ẹ tẹ súìṣì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tú u, tí kò bá tàn, ìyẹn ń ṣiṣẹ́, tó bá ṣì ń tàn, ẹ yọ bátìrì sọ́tọ̀ pátápátá.

Alkaline ni mo ń bẹ̀rù jù nínú tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó máa ń jò. Ẹ ṣí i lọ́jọ́ kan, ẹ rí ìyẹ̀fun funfun tó le bí iyọ̀ lẹ́nu bátìrì, sípíríǹgì ti di àwọ̀ ewé, bátìrì ti wú mọ́ inú páìpù débi tí kò jáde mọ́. Ẹ má fi ọwọ́ òfìfo kàn án, ó ń jẹ ara. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó àti fínígà díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni tọ́ọ̀ṣì máa ń padà tàn. Ohun tó tètè ń mú un jò ni kéèyàn da tuntun pọ̀ mọ́ àlòkù, èyí tó rẹ̀ máa tán ṣáájú, èyí tó lágbára á wá máa fi tipátipá ti iná gba inú ẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì jẹ́ irú kan náà.

Lithium-ion tẹ́ ẹ fẹ́ gbé sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ẹ má fi sílẹ̀ ní kíkún, ẹ má sì fi sílẹ̀ ní òfìfo, nǹkan bí ìdajì ló dáa, níbi tó tutù, kì í ṣe nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa. Bátìrì olójé yàtọ̀ o, kíkún ni kẹ́ ẹ fi òun sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán, ẹ gé bébà kékeré, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta yẹn àti ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣáàjì ẹ̀ gbẹ̀yìn sí i, ẹ fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tọ́ọ̀ṣì. Èyí tí mo máa ń gbé rìn báyìí, iná di ìdajì ní wákàtí 3, ìkìlọ̀ ní wákàtí 2 àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ikú ìṣẹ́jú 40 lẹ́yìn ìkìlọ̀ ló wà lára ẹ̀. Ìgbà tó ṣẹ́jú gbẹ̀yìn, abẹ́ ẹ̀rọ omi ni mo wà, mo wo aago, mo di ìsó tó kù, mo kó irinṣẹ́ mi, mo jáde, iná ṣì ń tàn.